Sípíríǹgì Tuntun Lábẹ́ Ọkọ̀ Bàbá Olóyin

Bí ènìyàn bá gba ọkọ̀ rẹ̀ padà lọ́wọ́ mẹkáníìkì, yóò yí i po, yóò fi ọwọ́ gbá a lára, yóò sì tẹ̀ ẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Bàbá Olóyin ṣe ní ọ̀sán Ọjọ́rú náà. Ó jókòó lé búùtù, ó fi ìdí lu ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta, ọkọ̀ kò sì mì.

"Ìyá àwọn ọmọ! Jáde wá wo nǹkan! Ọkọ̀ wa ti di géńdé!"

Ìyàwó rẹ̀ sáré jáde láti inú yàrá tí wọ́n ti ń rọ oyin sínú ìgò. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń lẹ̀ mọ́ra. "Háà! Ìdí rẹ̀ ti gbé sókè! Àfi bí ẹni tó wọ bàtà gogoro!"

"Sípíríǹgì ẹ̀yìn méjèèjì, tuntun. Ṣọ́ọ̀kì méjèèjì, tuntun. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní wọ́n le ju èyí tó bá ọkọ̀ yìí wá láti ilé-iṣẹ́ lọ."

"Ṣé ó máa lè fa ogójì?"

"Ogójì kẹ̀? Ó ní bó jẹ́ òkè ni, kí n so ó mọ́ ọn!"

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni orúkọ ìnagijẹ tí àdúgbò fún mẹkáníìkì náà. Ogójì tí wọ́n sì ń wí ni ogójì ilé oyin, tí obìnrin kan tí ó ní oko ọsàn ńlá fẹ́ yá lọ́wọ́ wọn. Òdòdó ọsàn kì í pẹ́ lórí igi, bí kòkòrò oyin kò bá sì bà lé e, èso rẹ̀ kì í pọ̀. Olóko náà ti ṣèlérí pé bí ogójì ilé oyin bá dé oko òun ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn ni òun yóò máa pè lọ́dọọdún. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò kàn wọ́n rí. Ilé oyin mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ti ń fi búùtù kó láti ọjọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe ra kẹ̀kẹ́ ẹrù onítáyà méjì tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ di ẹrù sí i láti dán an wò, ìdí ọkọ̀ wọlẹ̀, imú rẹ̀ gbé sókè, iná iwájú rẹ̀ sì ń tan sí ojú ẹyẹ lórí igi. Ìdí nìyẹn tí Bàbá Olóyin fi gbé e lọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọkọ̀ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n ní, òun náà sì ni ẹsẹ̀ tí iṣẹ́ wọn fi ń rìn.

Inú ìdùnnú yìí ni wọ́n wà tí àbúrò ìyàwó rẹ̀ fi wọlé. Iṣẹ́ àyẹ̀wò ni obìnrin yìí ń ṣe. Bí ọkọ̀ bá ní jàǹbá, òun ni ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan máa ń rán lọ wò ó, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá àwọn yóò sanwó tàbí àwọn kò ní í san án. Aláyẹ̀wò ni gbogbo ìdílé ń pè é.

"Ẹ kú oríire ọkọ̀ tuntun, ọkọ wa!"

"Kì í ṣe ọkọ̀ tuntun, àna mi. Ọkọ̀ àtijọ́ tó jẹun kánú ni!"

Aláyẹ̀wò rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wo abẹ́ ọkọ̀. "Iṣẹ́ tó mọ́ ni. Kí ni adójútòfò yín wá wí sí i?"

Bàbá Olóyin wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Adójútòfò wo? Ṣé àwọn ló máa bá mi fa ẹrù ni?"

"Ẹ ò tíì sọ fún wọn?"

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Mi ò ba ọkọ̀ jẹ́, mo tún un ṣe ni. Nínú iṣẹ́ tiwa, ilé oyin tó bá ń sùn jẹ́ẹ́, a kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ń sanwó lásìkò, wọ́n dákẹ́, èmi náà dákẹ́."

"Ohun tí wọ́n ń wí láti àná nìyẹn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Mo ní kí wọ́n pe àwọn èèyàn náà, wọ́n ní mo fẹ́ jí oyin tó ń sùn."

"Ẹ gbé ìwé yẹn wá," ni Aláyẹ̀wò wí.

Wọ́n gbé ìwé ìdójútòfò náà wá. Ó ṣí i dé ojú ewé kejì, ó sì fi ìka tọ́ ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ wò ó. Wọ́n bi yín pé ǹjẹ́ ẹ ti yí ohunkóhun padà lára ọkọ̀ yìí sí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ṣe é. Ẹ kọ 'Rárá'. Òótọ́ ni, lọ́jọ́ náà. Lónìí ńkọ́? Nísàlẹ̀ níbí, wọ́n ní bí ìyípadà bá wáyé, kí ẹ fi tó àwọn létí."

"Sípíríǹgì lásán?"

"Òun ni ọkọ̀ fi ń dúró, ọkọ wa. Òun ló fi ń yà ní kọ́nà. Ìlò rẹ̀ sì máa ń hàn nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì. Iye tí wọ́n ní kí ẹ máa san, ọkọ̀ ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Mo wo ọkọ̀ ọkùnrin kan rí tó ń fi í fa ọkọ̀ ojú omi rẹ̀. Jàǹbá ṣẹlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀, mo rí sípíríǹgì tí kò sí nínú ìwé. Mi ò lè parọ́, mo kọ ohun tí mo rí. Wọn ò san nǹkan kan fún un. Ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, ti ẹni tó gbá sì tún wà lọ́rùn rẹ̀."

Bàbá Olóyin họ orí, ṣùgbọ́n kò tíì gbà. "Tí mo bá sọ, wọ́n á fowó kún un. Tàbí kí wọ́n ní àwọn ò ṣe mọ́. Ọ̀túnla ni ọjọ́ Ẹtì o!"

Aláyẹ̀wò dìde, ó rìn lọ sí ìdí ògiri tí wọ́n to àwọn ilé oyin òfìfo sí. Ó gbé ìdérí ọ̀kan, ó sì yí i padà. "Kí lẹ fi ẹfun kọ síbí?"

"Ọjọ́ tí mo fi àpótí kún un ni, àti ọjọ́ tí mo pààrọ̀ ìyá oyin. Gbogbo ìyípadà la máa ń kọ síbẹ̀."

"Ṣé oyin mọ̀wé ni?"

"Ìwọ náà! Torí ẹni tó máa ṣí i lẹ́yìn mi ni, kó lè mọ ohun tó máa bá pàdé. Bí kò bá mọ̀, oyin á ta á pa."

"Ó dáa. Ẹni tó máa ṣí ọkọ̀ yín wò lẹ́yìn jàǹbá ńkọ́? Níbo lẹ kọ tirẹ̀ sí?"

Ìyàwó rẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó fò sókè. "Ó ti mú yín! Olówó orí mi, ó ti mú yín lónìí!"

Ẹ̀rín pa Bàbá Olóyin fúnra rẹ̀. Ó na ọwọ́ síta. "Ẹ gbé fóònù fún mi, ẹ̀yin obìnrin yìí."

Akọ̀wé adójútòfò tí ó gbé ìpè náà kò bínú rárá. Ó dúpẹ́ pé wọ́n pe òun kí wọ́n tó so ẹrù mọ́ ọkọ̀. Ó ní kí wọ́n fi àwòrán sípíríǹgì àti ti ìkọ́ tí wọ́n fi ń so kẹ̀kẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ránṣẹ́, kí mẹkáníìkì kọ̀wé nípa ohun tí ó fi sí i, kí wọ́n sì sọ bí kẹ̀kẹ́ ẹrù náà yóò ti wúwo tó nígbà tí ó bá kún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n pariwo nígbà tí ó gbọ́. "Èmi! Ṣé mo wá di akọ̀wé ni? Irin ni mo mọ̀, mi ò mọ lẹ́tà!" Síbẹ̀, ó jókòó lé táyà kan, ó sì kọ ọ́. Àtàǹpàkò rẹ̀ fi òróró dúdú lu ìwé náà ní ìsàlẹ̀.

"Ó ti tún lu òǹtẹ̀ sí i," ni Bàbá Olóyin wí.

Ìyàwó gbé ilé oyin kan sórí ìwọ̀n. Ọgbọ̀n kílò ni. Ogójì rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀fà kílò. Kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ kílò. Ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, kò sì fi bò.

Ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀, èsì dé. Ìyàwó kà á sókè. Wọ́n ti fọwọ́ sí sípíríǹgì àti ṣọ́ọ̀kì tuntun. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé. Díẹ̀ ni owó tí wọ́n fi kún un.

"Yéè! Ẹ bá mi jó!" Bàbá Olóyin ti gbé ẹsẹ̀ kan sókè.

"Ẹ dúró ná. Wọ́n ní 'ṣùgbọ́n'."

Ẹsẹ̀ náà padà sílẹ̀.

"Wọ́n ní ẹgbẹ̀rún kan kílò ni àwọn tó ṣe ọkọ̀ yìí ní kó máa fà, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní sípíríǹgì kò yí ìyẹn padà. Ẹrù wa fi ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta lé. Tí a bá fà á bẹ́ẹ̀, àwọn lè má dúró tì wá."

"Mo wí! Ṣebí mo ní kí a má jí wọn!" Ó fi ìbínú pe Aláyẹ̀wò lórí fóònù. "Àna mi, àwọn èèyàn rẹ ti dé o! Sípíríǹgì mi le bí òkúta, wọ́n ní kò lè fà á!"

"Ọkọ wa, bí ẹ bá fi ọ̀já tó le di ìbàdí mi gírígírí, ṣé mo lè torí ẹ̀ ru àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́wàá?"

"Wọ́n á gbé ọ lọ ilé ìwòsàn ni."

"Ìdí ọkọ̀ ni sípíríǹgì gbé dúró. Kò fi agbára kún ẹ́ńjìnnì, kò fi kún bíréèkì. Ẹ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè pẹ̀lú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ kílò tó ń tì yín lẹ́yìn? Àwọn tó ṣe ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ iye tó lè fà. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ́, èmi kọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Ìyàwó rẹ̀ ti mú ẹfun, ó ń ṣírò lórí ìdérí kan. "Ogún ilé oyin, ẹgbẹ̀ta kílò. Kẹ̀kẹ́, ọ̀ọ́dúnrún. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún ni! A máa lọ lẹ́ẹ̀mejì."

"Olóko ní ogójì, lówùúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Tó bá pe olóyin mìíràn ńkọ́?"

Wọ́n pe olóko. Ohùn rẹ̀ kún inú yàrá. "Olóyin! Òdòdó ti yọ o! Gbogbo oko ń ta sánsán! Ẹ ti ń di ẹrù?"

Bàbá Olóyin ṣàlàyé. Ìyàwó ti fi ọwọ́ di etí rẹ̀, ó ń retí igbe olóko.

"Ogún lọ́la, ogún ní Sátidé," ni olóko wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ gbọ́. Lọ́dún tó kọjá, olóyin kan kó gbogbo ẹrù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dà á nù ní kọ́nà. Ọjọ́ mẹ́ta ni ẹnikẹ́ni ò fi lè gba ọ̀nà yẹn! Ẹ mú ogún wá. Àmọ́ tí ìyókù ò bá dé kí aago mẹ́wàá Sátidé tó lù, ẹ má wulẹ̀ wá mọ́."

"A ó dé! Ẹ ṣé o, ìyá wa! A ó dé!"

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ Ẹtì, ogún àkọ́kọ́ gbéra. Ọkọ̀ dúró ṣinṣin, iná rẹ̀ tàn sílẹ̀ bí ó ti yẹ, kò sì sí ìyọnu kankan. Nígbà tí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àwọn ilé oyin náà láàárín igi ọsàn, kòkòrò oyin tú jáde yàà sórí òdòdó funfun, olóko sì ń kígbe ayọ̀ bí ọmọdé.

Ogún kejì ni ti Sátidé. Ọ̀nà ti ku díẹ̀ kó parí nígbà tí ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó wà níwájú wọn dúró lójijì. Bàbá Olóyin tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ gbọ́, kẹ̀kẹ́ ẹrù gbọ́, ṣùgbọ́n imú ọkọ̀ kan ìdí ti iwájú: gbà! Bọ́ńpà ọkọ̀ méjèèjì wọ inú.

Awakọ̀ náà fò bọ́ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá àyà. "Afọ́jú! Ta ló fún ọ ní ọkọ̀? Wàá rí mi lónìí!" Ó ń bọ̀ wá sí ẹ̀yìn, ó wá dúró gbọnrangandan. "Kí… kí ló ń kùn nínú ẹrù yín?"

"Oyin ni, ẹ̀gbọ́n. Ogún ilé."

"Wọ́n wà láàyè?"

"Wọ́n wà láàyè dáadáa. Wọ́n tiẹ̀ ti ń bínú díẹ̀."

Awakọ̀ náà ti padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó sì ti yí gíláàsì sókè. Láti inú ihò tí kò ju ìka kan lọ ni ó ti gba nọ́ńbà adójútòfò wọn. "Ẹ máa lọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ!"

Ilé oyin kankan kò ṣubú. Aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ nígbà tí wọ́n wọ oko.

Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, adójútòfò rán ẹnìkan wá wo ọkọ̀ náà. Aláyẹ̀wò kọ́ ni wọ́n rán, nítorí kò yẹ kí ènìyàn ṣe ẹlẹ́rìí fún àna rẹ̀. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo sípíríǹgì, ó wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo sípíríǹgì.

"Ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀ yìí náà ló wà nínú ìwé," ni ọkùnrin náà wí. "Iye ẹrù náà sì bá a mu. A ó tún bọ́ńpà ọkọ̀ akẹ́rù yẹn ṣe, a ó sì tún tiyín ṣe."

Igbe ayọ̀ tí ìyàwó ké ni ó mú kí àwọn ará ilé kejì sáré jáde.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá fẹ́ fi ọkọ̀ yín fa ẹrù, tí ẹ sì pààrọ̀ sípíríǹgì, ṣọ́ọ̀kì tàbí ohunkóhun mìíràn tí ó gbé ọkọ̀ dúró, ẹ pe adójútòfò yín kí ẹ tó gbé e jáde. Ẹ má ṣe wí pé àtúnṣe ni, kì í ṣe ìbàjẹ́. Àtúnṣe pàápàá jẹ́ ìyípadà. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ẹ ya àwòrán, ẹ sọ ìwọ̀n ẹrù bí ó ti rí gan-an, kí ẹ sì gba èsì wọn ní kíkọ, nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán kò tó ẹ̀rí. Òfin ilé-iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ẹ ka ìwé tiyín. Ẹ wo inú ìwé ọkọ̀ yín fún iye tí ó lè fà, kí ẹ má sì jẹ́ kí sípíríǹgì líle tàn yín láti kọjá rẹ̀.

Bí iye owó bá tilẹ̀ lé díẹ̀, ẹ san án. Bí wọ́n bá ní kí ẹ dín ẹrù kù, ẹ dín in kù. Ìrìn ẹ̀ẹ̀mejì tí ó dé ibi tí ó ń lọ sàn ju ìrìn ẹ̀ẹ̀kan tí ó parí sí kọ́nà.