Ó Yé Wa Yékéyéké, Àǹtí!

"Ta ló ní kí o fọwọ́ kan pátákó mi? Ìwọ ìyàwó yìí, mo ní ta ló ní kí o nu ìṣirò mi kúrò?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí. Aago tiyín ti lọ ni. Kíláàsì ìránṣọ ló kàn."

"Kíláàsì kí ni? Abẹ́rẹ́ àti òwú náà lò ń pè ní kíláàsì? Èmi kàwé, mo gboyè! Ìwọ tí o kò mọ̀ ju kí o máa wọn ìdí oníìdí kiri, ìwọ lo fẹ́ bá mi du pátákó? Ìdọ̀tí!"

Níwájú gbogbo àwọn ọmọ ni o! Ọmọbìnrin Aránṣọ wà níbẹ̀, ó sì ń wo ìyá rẹ̀ bó ṣe tẹrí ba tó ń ṣa ṣọ́ọ̀kì tí Àǹtí sọ mọ́ ọn láyà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, n kò ní fọ̀rọ̀ bò fún yín: obìnrin burúkú ni Àǹtí Ìṣirò. Ẹnu tó fi ń ṣeni léṣe yìí náà ló sì pa á níkẹyìn. Ẹ jókòó kí ẹ gbọ́.

Àwọn òbí kan ládùúgbò ló panu pọ̀ pé àwọn kò rán ọmọ lọ sílé ìwé mọ́. Wọ́n ní ilé làwọn ó ti máa kọ́ àwọn ọmọ àwọn tó ti ń bàlágà, kí òbí kọ̀ọ̀kan fi ohun tó mọ̀ kọ́ ọmọ gbogbo wọn. Gbẹ́nàgbẹ́nà, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, ń kọ́ wọn níṣẹ́ igi. Nọ́ọ̀sì ń kọ́ wọn nípa ìtọ́jú ara. Aránṣọ ń kọ́ wọn ní ìránṣọ, pálọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n sì ń lò torí òun ló fẹ̀ jù. Àǹtí Ìṣirò, ẹ̀gbọ́n ọkọ Aránṣọ, ló ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ọkọ Àǹtí ti lé e jáde tipẹ́. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ wá sílé àbúrò rẹ̀, ó ní òun kàn fẹ́ sinmi díẹ̀ ni. Ìsinmi ọ̀hún kò tán mọ́.

Nígbà tí àwọn òbí fẹ́ yan olórí, Àǹtí ti ní kí Aránṣọ rán aṣọ tuntun fún òun, aṣọ tí òun ó fi joyè. Aránṣọ rán an, ó lọ̀ ọ́, ó sì fi sórí àkéte fún un. Àfi bí ọjọ́ ìpàdé ṣe pé tí gbogbo wọn nawọ́ sí Aránṣọ fúnra rẹ̀! Háà! Àǹtí wà nínú aṣọ tuntun, kò sì rí ibi tó máa fojú sí. Láti ọjọ́ náà ló ti búra nínú ara rẹ̀ pé ìyàwó àbúrò òun yóò jáde nílé náà bí ẹni tí a gbá dànù.

Ẹ tún gbọ́ bó ṣe ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Bó bá ti ṣe ìṣirò kan tán, á yíjú padà, á ní: "Ó yé yín, àbí kí n tún un ṣe?" Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ ké lóhùn kan pé: "Ó yé wa yékéyéké, Àǹtí!" Ì báà yé wọn, ì báà má yé wọn. Lọ́jọ́ kan ọmọ Aránṣọ ṣèèṣì sọ òtítọ́, ó ní, "Kò yé mi, Àǹtí." Àǹtí mú ọmọ náà kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà títí kíláàsì fi tán, ó ní kí gbogbo ẹni tó ń wọlé wo olódo ọmọ olódo. Àtìgbà yẹn, kò sí ọmọ tí Àǹtí máa bi léèrè tí kò ní dáhùn kíá. Kódà bó bá bi wọ́n lójú oorun, wọn ó ké e.

Ọjọ́ àfihàn wá pé, ọjọ́ tí àwọn ọmọ máa fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn han àwọn òbí. Àpótí ìjókòó tí wọ́n kàn ń dán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán wà lórí okùn. Wọ́n ti gbé gbohùngbohùn kalẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí wọn ó sọ. Àwọn òbí ti jókòó, Aránṣọ ń bu omi fún wọn. Ìgbà náà ni ọkọ rẹ̀, awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù, já wọlé láti ìrìn àjò. Kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ìwọ obìnrin yìí! Kó ẹrù rẹ!"

"Ẹ kúùrìn, ọkọ mi. Kí ló...?"

"Má kí mi! Ìwọ àti Gbẹ́nàgbẹ́nà! Nínú pálọ̀ mi! Ẹni tó rí yín ti fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi!"

Kí ẹnikẹ́ni tó dìde, ó ti gbé maṣíìnì ìránṣọ ìyàwó rẹ̀, ó sì là á mọ́lẹ̀. Irin fọ́n ká, abẹ́rẹ́ dà sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ figbe ta.

"Èmi kẹ̀?" Gbẹ́nàgbẹ́nà fò dìde. "Ọlọ́run ń gbọ́ o! N kò fọwọ́ kan ìyàwó rẹ rí!"

Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Mo ti ń wí! Ṣé mo ti ń wí? Àbúrò mi, má fọ̀rọ̀ ṣòfò. Lé e, kí o lé ọmọ ẹ̀ mọ́ ọn. Òwú tí ìyá bá gbọ̀n lọmọ ń ran! Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ bá ọmọ gidi jókòó mọ́!"

Nọ́ọ̀sì ló lé àwọn ọmọ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí etí wọn má baà gbọ́ ohun tó ju ọjọ́ orí wọn lọ. Ó wá kọjú sí Awakọ̀. "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà èèyàn. Ìyàwó rẹ ńkọ́, kí lòun wí?"

Aránṣọ kò sunkún. Ó kúnlẹ̀ láàárín irin tó fọ́. "Ọkọ mi, ẹ fi ohùn yẹn sí i kí gbogbo ayé gbọ́. Bí mo bá jẹ̀bi, fúnra mi ni n ó di ẹrù mi, n ó sì mú ọmọ mi kúrò láàárín àwọn ọmọ yòókù. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ dópin."

"Kò sídìí fún un!" ni Àǹtí pariwo. "Ṣé irú ìdọ̀tí yẹn ni ká máa rọ sétí àwọn èèyàn ńlá? Lé e, ó parí!"

Awakọ̀ yọ fóònù rẹ̀ jáde. Ká sòótọ́, òun pàápàá kò tíì gbọ́ ọ dópin. Ibi tí wọ́n ti dárúkọ Gbẹ́nàgbẹ́nà ló ti sọ fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sì tẹ ọkọ̀ wálé. Ó so fóònù mọ́ gbohùngbohùn. Ohùn kan jáde, ó ń ránmú bí ẹni tí òtútù mú.

"Ìwọ awakọ̀, n kò ní sọ orúkọ mi. Àkọ́kọ́, ìwọ wà lójú títì. Èkejì, ìyàwó rẹ wà nílé. Ẹ̀kẹta, Gbẹ́nàgbẹ́nà kò níyàwó, pálọ̀ rẹ ló sì ń wọ̀. Ó yá, rò ó pọ̀! Kí ni ìdáhùn?"

Àǹtí sáré síbi fóònù. "Ó tó! Pa á!" Gbẹ́nàgbẹ́nà fi ara dí i lọ́nà.

Ohùn náà ń bá a lọ. Inú rẹ̀ sì ti ń dùn sí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, ó ti gbàgbé láti ránmú. Ó ń dún ketekete bí ẹni tó dúró níwájú pátákó. "Nítorí náà, lé e! Lé ọmọ ẹ̀! Kí ilé mọ́! Ó yé yín, àbí kí n tún un ṣe?"

Láti ẹ̀yìnkùlé, gbogbo àwọn ọmọ ké lóhùn kan:

"Ó yé wa yékéyéké, Àǹtí!"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Àǹtí.

Ohùn ọmọ Àǹtí gan-an ló ga jù. Òun náà ló sáré wọlé. "Mọ́mì, a gbọ́ yín o. Ṣé ká wọlé fún ìṣirò ni?"

"Irọ́ ni!" Àǹtí lọgun. "Ohùn jọ ohùn! Kì í ṣe èmi!"

Gbẹ́nàgbẹ́nà jókòó pẹ̀sẹ̀. "Àǹtí, kò tíì yé èmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe."

Wọ́n tún un ṣe. Ohùn náà béèrè, àwọn ọmọ tún ké láti ẹ̀yìn. Ọmọ Àǹtí nìkan ni kò dáhùn. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń wo ìyá rẹ̀, omijé sì ń dà lójú rẹ̀.

Awakọ̀ yíjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò pè é ní "ẹ" mọ́. "Ìwọ? Ìwọ tí mo gbà sílé nígbà tí ayé kọ̀ ọ́? Jáde!"

"Ọmọ ìyá kan ni wá! Ṣàánú mi!"

"Jáde kí n tó gbàgbé pé ọmọ ìyá kan ni wá!"

Awakọ̀ wọ́ àpótí ẹrù Àǹtí síta, àpótí ṣí, aṣọ oyè tí Aránṣọ rán sì dà sínú ẹrẹ̀. Àǹtí wólẹ̀ lórí orúnkún sẹ́nu ọ̀nà, níbi tó ti mú ọmọ ọlọ́mọ kúnlẹ̀ gan-an, gbogbo ẹni tó ń kọjá sì ń wò ó. Kò ṣe mí láàánú o, n kò sì ní purọ́ pé ó ṣe mí láàánú!

Aránṣọ nìkan ló sọ̀rọ̀. "Ọmọ rẹ̀ kò ṣẹ mí. Ibi yòówù tí wọ́n bá kó lọ, kó máa wá sí kíláàsì."

Lẹ́yìn náà ni Awakọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ìyàwó mi, forí jì mí. Iṣẹ́ èṣù ni."

Aránṣọ nàka sí irin tó fọ́. "Ẹ dìde. Ẹ ṣa maṣíìnì mi nílẹ̀, títí kan abẹ́rẹ́, lójú àwọn tí ẹ ti dójú tì mí níṣojú wọn. Yàrá ìránṣọ ni n ó máa sùn. Ọjọ́ tó bá wù mí ni n ó kúrò níbẹ̀, bí kò bá sì wù mí, n kò ní kúrò. Ó yé yín, àbí kí n tún un ṣe?"

Ọkùnrin gìrìwò ń rákò, ó ń fi ìka wá abẹ́rẹ́ nínú eruku.

"Ó yé mi."

"N kò gbọ́."

"Ó yé mi yékéyéké."