Ta Ló Ń Fa Omi Adágún Errol?

Ọkàn Errol Maddigan kò balẹ̀ mọ́. Láràárọ̀ ló ń lọ wo adágún tó ṣẹ́kù nínú odò ẹ̀yìn oko rẹ̀, láràárọ̀ ni omi sì ń fà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni àwọn àgùntàn rẹ̀ ti ń mu omi. Bó bá gbẹ, títà ni yóò tà wọ́n, bẹ́ẹ̀ bàbá rẹ̀ ló fi wọ́n sílẹ̀ fún un.

"Vince aládùúgbò wa ni," ó sọ fún Noreen ìyàwó rẹ̀. "Oko tirẹ̀ ló wà lókè odò. Ìjọba ní kẹ́nikẹ́ni má fa omi odò lásìkò ọ̀dá yìí, òun ń fà á ní kọ̀rọ̀."

"O rí i?"

"Ṣé dandan ni kí n rí i?"

Ló bá wakọ̀ lọ sọ́dọ̀ Vince.

"Olè omi!" Bó ṣe kí i nìyẹn.

Vince bú sẹ́rìn-ín. "Èmi tí ẹ̀rọ ìfami mi ti dípẹtà? Ìwọ tí koríko rẹ tutù yọ̀yọ̀ nínú ọ̀dá ńkọ́?"

"Kànga ẹlẹ́rọ ni mo fi ń bomi rin ín! N ò fọwọ́ kan odò."

Tamsin, ọ̀dọ́bìnrin tó ń wọn omi kànga ládùúgbò wọn, ń mu tíì lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Vince. Ó dá sí i. "Níbo ni kànga yẹn wà, Ọ̀gbẹ́ni Errol?"

"Létí odò."

"Kí lẹ bá nísàlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ gbẹ́ ẹ?"

"Yanrìn."

"Omi odò ń gba inú yanrìn yẹn bọ́ sí kànga yín. Tẹ́ ẹ bá fa kànga, odò lẹ fà."

"Irọ́! Ìwé àṣẹ kànga yàtọ̀ sí ti odò."

"Omi ò mọ̀wé kà, sà. Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn títí di ọjọ́ Àìkú, kẹ́ ẹ wò ó."

Errol pa á, kó lè fi hàn pé ọmọ náà ò mọ nǹkan kan. Ó ri igi mọ́lẹ̀ létí omi. Òjò kankan kò rọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Àìkú, inú omi ni igi náà wà.

Noreen wò ó, ó ní, "Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà."

Ojú ti Errol gidigidi. Ó padà sọ́dọ̀ Vince, ó tọrọ àforíjì. Ó dín bó ṣe ń fa kànga kù, ó jẹ́ kí púpọ̀ nínú koríko rẹ̀ gbẹ, ó dùn ún, ṣùgbọ́n àgùntàn kankan kò kú, kò sì ta ọ̀kankan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kànga lẹ́bàá odò, ọ̀kan náà ni omi méjèèjì. Bí odò bá ń fà sẹ́yìn, ẹ dín bẹ́ ẹ ṣe ń fa kànga kù, kẹ́ ẹ sì pe àwọn tó ń wọn omi kẹ́ ẹ tó na ìka sí aládùúgbò yín.