Àmì Pupa Lórí Ìbọn Títílayọ̀

Mercy, tí a jọ ń kọrin nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni Títílayọ̀, inú ṣì ń bí Mercy bó ṣe ń sọ ọ́.

Lẹ́yìn oko kòkó kan ní Odò-Ọwá ni pápá wà tí wọ́n ti máa ń yìnbọn sí àwo amọ̀. Ẹ̀rọ á ju àwo pẹlẹbẹ sókè bí àparò tí ajá lé, ẹni tó dúró á sì fọ́ ọ lójú ọ̀run. Títílayọ̀ nìkan ni obìnrin níbẹ̀. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì tí bàbá rẹ̀, Jacob ọdẹ, fi lé e lọ́wọ́ kó tó kú ló ń lò.

"Jù ú!" Àwo fò. Ó fọ́ yángá.

Ilésanmí, olùkọ́ kan láti Ìjerò, ṣí fìlà. "Arábìnrin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi láyé o."

"Ẹ má ṣẹ̀ mí, n ò ní bínú."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Bí Títílayọ̀ kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀, oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun. Ilésanmí ń pè é ní Àbẹ̀kẹ́ mi. Ìdílé méjèèjì gbà, wọ́n dá ọjọ́ ìgbéyàwó.

Nígbà tí ọjọ́ ń súnmọ́lé, Títílayọ̀ lọ sí Adó, ó fi ìbọn sílẹ̀ nílé. Ó padà dé pápá lọ́jọ́ Sátidé, ó sì bá Ilésanmí pẹ̀lú ìbọn bàbá òun lọ́wọ́. Ó ti lu ihò sí i lórí, ó de awò kékeré kan mọ́ ọn, irú èyí tí wọ́n fi ń wo ibi tí ọta á bà. Àmì pupa ń tàn nínú awò náà bí iná ẹ̀yìn ọ̀kadà.

"La ojú méjèèjì, Àbẹ̀kẹ́ mi. Àwo ni kó o máa wò, àmì yẹn á bá ọ dé ibẹ̀."

"Ta lo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Màmá rẹ. Bàbá Dúrójayé náà mọ̀." Àbúrò bàbá Títílayọ̀ ni Dúrójayé, ó dúró nítòsí.

"Èmi ńkọ́?"

"Mo fẹ́ kó bá ọ lójijì ni."

Orí ìbọn tí bàbá rẹ̀ máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa epo sí ni wọ́n lu ihò sí. Títílayọ̀ fi ìka tọ́ ihò náà wò. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn ọkùnrin yìí, ó gba ìbọn. Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìdí ìbọn bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Kò rí àmì kankan. Ó ní láti na ọrùn bí adìẹ tó ń yọjú lórí ọgbà kó tó rí i.

"Jù ú!" Àwo kọjá lódindi. Òmíràn kọjá.

Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ṣé ẹyẹ lẹ ń yìn ni àbí ọ̀run?"

"Mú un wá," ni Ilésanmí wí. Ọlọ́rùn gígùn ni. Kò tún nǹkan kan ṣe lára awò náà. Ó gbé e sójú, àwo fọ́. Òmíràn fọ́.

Títílayọ̀ wá mọ̀.

"Ilésanmí, ìwọ̀n ojú ta lo gbé awò yìí sí?"

Dúrójayé ló dáhùn: "Kí ló ń bí ọ nínú? Ìbọn náà á bá ọ lọ ulé ọkọ, ọkọ ni á sì máa yìn ín. Ìyá Ilésanmí ní ìyàwó ọmọ òun kò ní máa gbé ìbọn kiri. A ti parí ọ̀rọ̀ yẹn."

"Ẹ parí rẹ̀? Níbo ni mo wà?"

"Títí, màmá mi ni," ni Ilésanmí wí. "Mo rò pé lẹ́yìn ìgbéyàwó, ọkàn rẹ á rọ̀."

"Ṣé o fẹ́ràn mi?"

"Bí ẹ̀mí mi."

"Ìdí ìbọn lo ti rí mi tó o fi fẹ́ràn mi. Ta wá lo fẹ́ mú lọ ilé màmá rẹ?"

Omi bọ́ lójú Títílayọ̀, ó sì bínú sí omi ojú náà pàápàá. Ó gba ìbọn àti irinṣẹ́ tí wọ́n fi de awò náà lọ́wọ́ Ilésanmí, ó tú awò náà, ó fi lé e lọ́wọ́, ó pa ìka rẹ̀ dé lé e.

"Tìẹ nìyí. Ihò tó kù, tèmi ni."

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ará ilé?"

"Ẹ tún jókòó láìsí mi, kí ẹ sì parí rẹ̀."

Ó yọ ọta kúrò nínú ìbọn, ó gbé e kọ́ èjìká, ó gba ọ̀nà oko kòkó. Ilésanmí pe orúkọ rẹ̀. Ó pe oríkì rẹ̀. Ẹsẹ̀ Títílayọ̀ kò falẹ̀, kò sì bojú wẹ̀yìn.