Kóòṣì Morádéyọ̀ àti Oníbúlọ́ọ̀kù Ìbàfò

Bọ́ọ̀lù náà fò kọjá ògiri kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó ń bọ̀ wá já sáàárín àwọn búlọ́ọ̀kù tútù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tò sílẹ̀, àfi bí ọkùnrin kan ṣe na ọwọ́ òsì sókè, tó sì hán an. Kò wọ ìbọ̀wọ́ kankan. Sìmẹ́ńtì ti bò ó dé ìgbọ̀nwọ́, eruku sì ti sọ irun rẹ̀ di ti arúgbó. Ó yí bọ́ọ̀lù náà wò bí ẹni ń wo ẹyin tòlótòló, ó gbọn ọwọ́ nítorí ó dùn ún, ó wá rẹ́rìn-ín fún ara rẹ̀.

Morádéyọ̀, obìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà ní bésíbọ́ọ̀lù, rí gbogbo rẹ̀ láti ibi tí ògiri ti ya.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa jù ú padà!"

Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó jù ú. Bọ́ọ̀lù gba orí ògiri, ó gba orí àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó sì bọ́ sínú ìbọ̀wọ́ ẹni tó lóṣòó lẹ́yìn ọmọ tó di igi ìgbábọ́ọ̀lù mú, kò kan ilẹ̀ rárá. Morádéyọ̀ sáré lọ síbi ògiri náà.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti kọ́ bọ́ọ̀lù jíjù?"

"Lábẹ́ igi máńgòrò ni, ní Ìfọ̀. Òkúta là ń jù nígbà yẹn."

"Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Kóòṣì, ṣé ẹ fẹ́ fi mí sí kíláàsì ni, àbí ẹ fẹ́ fẹ́ mi?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Morádéyọ̀ kó tó mọ̀. Ó béèrè orúkọ rẹ̀. Sàhéèdì ni wọ́n ń pè é.

Ta ni kò mọ Kóòṣì Morádéyọ̀ ní Ìbàfò? Nígbà tó kọ́kọ́ dé kọ́lẹ́ẹ̀jì olọ́dún méjì yẹn, àwọn ọmọ rò pé kíríkẹ́ẹ̀tì ló wá kọ́ wọn. Káfíńtà kan ní Mowe ló gbẹ́ igi tí wọ́n kọ́kọ́ fi gbá bésíbọ́ọ̀lù. Lónìí, ife ẹ̀yẹ ti kún inú ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé, àwọn ọmọ tó kọ́ sì ti ti ibẹ̀ bọ́ sí yunifásítì tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn nítorí pé wọ́n mọ bọ́ọ̀lù í gbá.

Àmọ́ ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí wọ́n bá gba ife, tí àwọn ọmọ ń jó, ẹ̀bá títì márosẹ̀ lẹ ó ti bá a, tí ó ń wo ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn, tí ọkàn rẹ̀ ń bi í pé, kí ló kù? Ó ti ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ó ti ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́, ó ti ṣe é ní Abuja. Kò sí èyí tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ìbàfò ló pẹ́ sí jù, ẹsẹ̀ sì ti tún ń yún un.

Sàhéèdì bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo eré nírọ̀lẹ́. Kò pẹ́ tó fi kó búlọ́ọ̀kù tirẹ̀ wá, tó fi mọ ìjókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Wọ́n jọ ń lọ ra àgbàdo sísè àti àgbọn ní Àsẹ́sẹ̀. Kò pẹ́ tí "ẹ" fi di "o" láàárín wọn.

"Déyọ̀ mi, ṣé o lè jókòó tí wàá fi jẹ àgbàdo kan tán?"

"Mo lè máa jẹ ẹ́ bí mo ṣe ń rìn."

"Ó dáa. Màá máa bá ẹ rìn nígbà náà."

Ìgbà tí bàbá Morádéyọ̀ gbọ́ ni ọ̀rọ̀ yí padà. Alàgbà Adéyẹ́misí ń gbé ní Magboro, kò sì fi ìsìn ṣeré.

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Sàhéèdì, Daddy."

Bàbá gbé ṣíbí sílẹ̀. "Pẹ̀lú gbogbo ọkùnrin tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, Mùsùlùmí lo wá lọ rí ní Ìbàfò?"

"Mi ò wá a lọ, sà. Bọ́ọ̀lù ló lọ bá a."

"Mi ò bá ẹ ṣàwàdà, Morádéyọ̀! Mi ò fọwọ́ sí i."

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ìpè wọlé láti Gánà. Ilé-ẹ̀kọ́ eré ìdárayá kan ń fẹ́ kó wá dá ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún wọn. Inú bàbá dùn. Ó ní Ọlọ́run ló ṣí ilẹ̀kùn náà, kó tètè gbà á wọlé. Morádéyọ̀ sáré lọ bá Sàhéèdì. Ọkùnrin náà gbọ́ ọ tán, ó ń bomi rin búlọ́ọ̀kù lọ ní tirẹ̀.

"Lọ," ni ó wí.

"Ìwọ náà? O ò tiẹ̀ ní bẹ̀ mí pé kí n dúró?"

"Tí mo bá bẹ̀ ẹ́, wàá dúró. Tó bá wá yá, ojú tí o fi ń wo títì yẹn ni wàá máa fi wò mí."

Bí ẹni fi ata sí i lójú ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí, nítorí òótọ́ ni. Kò wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ ló fi rìn dé Magboro, ó ń sunkún, ó ń bínú, kò sì mọ ẹni tó ń bínú sí gan-an. Láti ọjọ́ yẹn, òun àti Sàhéèdì kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́.

Ohun tí Morádéyọ̀ kò mọ̀ ni pé Sàhéèdì lọ sílé Alàgbà Adéyẹ́misí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sẹ́nu ọ̀nà.

"Mi ò wá tọrọ ọmọ, sà. Mo kàn wá bẹ̀ yín kí ẹ wá wo eré àṣekágbá tí ẹgbẹ́ Morádéyọ̀ fẹ́ gbá. Ó ń múra àtilọ, ẹ ò sì tíì rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rí."

Bàbá wò ó nílẹ̀ níbẹ̀. Ó kàn tilẹ̀kùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Lọ́jọ́ eré náà, Morádéyọ̀ gbójú sókè wo ẹ̀gbẹ́ pápá. Bàbá rẹ̀ ló jókòó lórí búlọ́ọ̀kù tí Sàhéèdì mọ yẹn, tòun ti agboòrùn, Sàhéèdì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Níbo lọmọ yẹn ń sáré lọ?" ni bàbá bi í.

"Ilé ni, sà. Tó bá dé ibi tó ti gbéra, wọ́n á kọ ayò kan fún un."

"Ó kúrò nílé, ó tún ń sáré bọ̀ nílé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta ló wá ń lé e?"

Sàhéèdì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré ń parí lọ, Alàgbà Adéyẹ́misí ti gorí búlọ́ọ̀kù, fìlà ti bọ́, ó ń pariwo, "Sáré! Ọmọ yìí, sáré!"

Ayò kan ni wọ́n fi na ẹgbẹ́ Morádéyọ̀. Táíyé, tó mọ bọ́ọ̀lù í gbá jù nínú wọn, ló fi àyà fà dé ibi ilé, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó dojú bolẹ̀, kò fẹ́ dìde. Morádéyọ̀ jókòó tì í nínú iyanrìn, kò bá a wí, kò sì kánjú gbé e dìde. Ìgbà tí yóò fi gbójú sókè, bàbá rẹ̀ ló dúró tì wọ́n.

"Èmi tí mo bí ẹ, mi ò wá wò ẹ́ rí," ni ó wí. "Ẹlòmíràn ló wá bẹ̀ mí. Kò fi ẹnu kan ara rẹ̀ rárá nínú ẹ̀bẹ̀ náà." Ó gbọn iyanrìn kúrò léjìká ọmọ rẹ̀. "Tí ẹ bá máa fẹ́ra yín, kò gbọdọ̀ fi dandan yí ẹ̀sìn rẹ padà o. Ìwọ náà, má yí tirẹ̀."

Morádéyọ̀ dìde, ó lọ bá Sàhéèdì.

"Mò ń lọ sí Gánà."

"Mo mọ̀."

"Mi ò mọ ìgbà tí màá padà, mi ò sì ní purọ́ fún ẹ. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí a ò fi sọ̀rọ̀ yìí, kò sí ibi tí mo rìn dé tí ara ti tù mí." Ó sún mọ́ ọn. "Fẹ́ mi, kó o sì bá mi lọ."

Sàhéèdì kò gbé ibòmíràn rí ju Ìfọ̀ àti Ìbàfò lọ. Ó wo ọgbà búlọ́ọ̀kù rẹ̀ lódìkejì ògiri, ó wo ẹ̀rọ tó fi ọdún púpọ̀ ṣiṣẹ́ kó tó rà. Ó rántí ìyá rẹ̀ tó wà ní Ìfọ̀. Ó gbé bọ́ọ̀lù kan nílẹ̀, ó yí i wò.

"Ṣé wọn kì í kọ́lé ní Gánà ni?" ni ó wí.

Nígbà tí wọ́n dé Ìfọ̀, tí Morádéyọ̀ kúnlẹ̀, ìyá Sàhéèdì wò ó dáadáa. "Ìwọ lo fẹ́ gbé ọmọ mi lọ?"

"Èmi ni, mà."

"Ó ti tó ọjọ́ tí mo ti ń retí ẹni tí yóò gbé e dìde níbi eruku yẹn. Àbúrò rẹ̀ obìnrin wà lọ́dọ̀ mi. Ẹ lọ."

Kóòtù ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kóra jọ sí àgbàlá ìyá rẹ̀ fún àdúrà. Alàgbà Adéyẹ́misí dìde, àáfà àdúgbò náà dìde, olúkúlùkù ní òun ni yóò kọ́kọ́ gbà á. Ọ̀rọ̀ fẹ́ di iyàn.

"Ẹ jọ gbà á pọ̀," ni ìyá Sàhéèdì wí. "Ọlọ́run kì í ṣe adití."

Wọ́n sì jọ gbà á lóòótọ́. Àdúrà wọnú àdúrà, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí òun ń ṣe àmín sí mọ́. Ọkọ̀ ti ń dúró de tọkọtaya lẹ́nu ọ̀nà, awakọ̀ ti ń fọn fèrè. Àáfà lajú díẹ̀, ó bi wọ́n bóyá kí àwọn gé e kúrú.

Sàhéèdì wo ojú ìyàwó rẹ̀. Morádéyọ̀ di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú ṣinṣin lórí ẹní, ó sì tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

"Ẹ máa gbà á lọ, sà," ni ó wí. "A ò kánjú."