Ṣíbí Mẹ́fà Iyọ̀

"Jọ̀ọ́, rọra mu ún," ọmọ iléèwé kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà ń bẹ àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún méjì. Ọmọ náà fà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fajú ro, ó sì bú sẹ́kún.

Ìgbẹ́ gbuuru ti ń yọ ọmọ náà lẹ́nu láti àárọ̀, ojú rẹ̀ sì ti jìn wọnú. Kí ìyá wọn tó sáré lọ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó fa ẹ̀gbọ́n létí: "Lítà omi kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí iyọ̀, kó tẹ́jú dáadáa. Bí nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ṣe ní ká po omi náà fún un nìyẹn o. Má fi ṣeré!"

Ó kúkú fi ṣeré. Orí fóònù ló wà nígbà tó ń pò ó, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pa á lẹ́rìn-ín. Ó tọ́ omi náà wò wàyí. Yéè! Iyọ̀ ló bu ṣíbí mẹ́fà, ṣúgà ló bu ààbọ̀.

Ó rántí ẹ̀kọ́ kan níléèwé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni tíṣà wọn ki ọ̀dùnkún tí wọ́n gé bọ omi iyọ̀, tó sì rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀. "Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan," ni tíṣà wí. "Bí iyọ̀ ìta bá pọ̀ ju tinú lọ, omi á gba ara awọ yẹn jáde." Ọmọ tí omi ń tán lára rẹ̀ ló tún fẹ́ fi iyọ̀ fa omi lára rẹ̀!

"Ṣáà dà á nù, kí o po òmíràn," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ṣì wà lórí fóònù wí nígbà tó sọ ọ́ fún un. "Ta ló máa mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Dókítà nítorí iṣẹ́ tó lóun máa ṣe. Ojú á tì í tí wọ́n bá gbọ́. Ó da omi náà nù. Àmọ́ nígbà tó wo ojú ọmọ, ó pa fóònù, ó pọ̀n ọ́n, ó di ilé ìwòsàn.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣi iyọ̀ bù dípò ṣúgà. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fà á."

Nọ́ọ̀sì yẹ ahọ́n ọmọ wò, ó fọwọ́ fa awọ ikùn rẹ̀. "Ìyẹn ò tíì pọ̀. O káre tí o sọ ọ́. Ká ní o dákẹ́ ni, tára rẹ̀ wá yí padà, báwo la ṣe fẹ́ mọ ohun tó fà á?" Ó po omi tuntun, ó ń fi ṣíbí bù ú fún ọmọ díẹ̀díẹ̀. "Ṣúgà yìí ló ń bá ìwọ̀nba iyọ̀ gba ara ìfun wọlé. Omi á wá tẹ̀ lé wọn."

Nígbà tí ìyá wọn wá bá wọn níbẹ̀, Dókítà fẹnu ara rẹ̀ rò ó. Ó gbọ́ èébú kún etí, ìyá sì gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ọmọ náà tọ̀ sí nọ́ọ̀sì lára. "Ẹ ṣeun o!" ni nọ́ọ̀sì ń wí, tó ń rẹ́rìn-ín. "Bó ṣe tọ̀ yìí, omi ti ń dé ibi tó yẹ lára rẹ̀."

Ọjọ́ náà ló yé Dókítà pé kò sẹ́ni tí kò lè ṣàṣìṣe, àmọ́ ẹni tó bá tètè jẹ́wọ́ ló ń rí àyè tún un ṣe.