Orúkọ Tí Ayọ̀tọ́lá Kò Lè Pè

"O ti lọ tú mi fó! Mọ́rìnọ́lá, o ti lọ sọ fún àwọn obìnrin aláìníṣẹ́ yẹn pé mo fi apasa lu ọrùn ọwọ́ rẹ! Ṣé èmi ni o fẹ́ bà lórúkọ jẹ́ ní Ìsẹ́yìn?"

Ohùn Adégbénga ahunṣọ ni ó ń dún bẹ́ẹ̀ láàárín òfì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀. Òótọ́ sì ni ohun tí aya rẹ̀ sọ. Lọ́jọ́ Ajé, nítorí pé ó ní sányán kan kò dọ́gba, Adégbénga yọ apasa, igi pẹlẹbẹ tí ahunṣọ fi ń ti òwú mọ́ra, ó sì là á mọ́ ọn lọ́wọ́. Igi tí Ọlọ́run fi síkàáwọ́ ènìyàn láti fi hun aṣọ ẹ̀yẹ, òun ni ìkà yìí fi ń fọ́ egungun aya ìgbà èwe rẹ̀!

"Bàbá Ṣaléwá, ẹ rọra. Ọmọ ń wò wá."

"Kó wò! Kó lè mọ irú ìyá tó bí i! O sunkún fún wọn, àbí o ò sunkún? O tilẹ̀ da omi tí wọ́n fún ọ mu sára ìró rẹ!"

Ara Mọ́rìnọ́lá tutù. Òótọ́ ni pé omi dà sí i lára láàárọ̀ ọjọ́ náà, nígbà tó lọ fẹjọ́ sùn ní Ẹgbẹ́ Ọwọ́-Ò-Gbọdọ̀-Kàn-Án, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń gbèjà aya tí ọkọ ń lù. Ṣùgbọ́n ta ló rí i? Alhaja Fàtímọ̀, olórí ẹgbẹ́, ti lọ ra gàrí ní Ìgànná lọ́jọ́ náà. Akọ̀wé nìkan ló gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Akọ̀wé ọ̀hún sì ni Ayọ̀tọ́lá, ọmọ àbúrò ìyá rẹ̀, tí ó tọ́ dàgbà, tó kọ́ ní iṣẹ́ aránṣọ, tó máa ń ṣẹ́ ẹran inú ọbẹ̀ tirẹ̀ fún.

"Ayọ̀ kọ́," ó sọ nínú ara rẹ̀. "Bóyá ẹnìkan fetí sí wa lójú fèrèsé."

Áà, ọkàn funfun, bí ó ti ṣòro fún ọ tó láti mọ ọkàn dúdú! Ejò wà lábẹ́ ẹní tí ìwọ gan-an tẹ́.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, ẹgbẹ́ ránṣẹ́ pe Adégbénga àti ìyá rẹ̀, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìyá Àgbà. Ogójì obìnrin ló pé sí gbọ̀ngàn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwọn Onígbàgbọ́ kọ orin, àwọn Mùsùlùmí ṣe àsàlátù, gbogbo wọn ṣe àmín. Adégbénga wọlé nínú agbádá, ó fọwọ́ gbá apá rẹ̀ sẹ́yìn bí ọba.

"Ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀," ó ní. "Mo gbọ́ pé ẹ ní ìwé. Ẹ kà á! Bó bá wà níbẹ̀ pé mo lù ú, ẹ fà mí lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, kí òpùrọ́ yìí kó ẹrù rẹ̀ jáde nílé mi lónìí, kí ó sì fi ọmọ mi sílẹ̀!"

Mọ́rìnọ́lá di Ọmọ́ṣaléwá mú ṣinṣin. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni.

Alhaja ní, "Akọ̀wé, kà á."

Ayọ̀tọ́lá dìde, ó sì kà á ketekete: "Arábìnrin Mọ́rìnọ́lá wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní òun ṣubú lórí àpótí, ọwọ́ òun sì yẹ̀."

"Ayọ̀!" Igbe Mọ́rìnọ́lá gba gbọ̀ngàn náà kan. "Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀? Ayọ̀, èmi?"

"Àǹtí mi, ohun tí ẹ sọ ni mo kọ. Ẹ má fi mí ṣẹ̀sín láwùjọ o."

Ìyá Àgbà pàtẹ́wọ́. "Ẹ gbọ́ ná! Àpótí ló gbé e ṣubú, ó ní ọkọ ni! Ṣaléwá, dìde, jẹ́ ká máa lọ sílé!"

"Ẹ fi ọmọ sílẹ̀," ni Alhaja wí. Ó ti ta gàrí fún ọgbọ̀n ọdún, ó sì mọ èyí tí wọ́n bu omi sí. "Ó ku ẹlẹ́rìí kan, ó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Akọ̀wé, pè é lórúkọ, bí ìlànà wa, kó máa bọ̀." Ó na ìwé pélébé kan sí i.

Ayọ̀tọ́lá wo ìwé náà. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ni Pẹ̀lúmi, àbúrò Adégbénga lóbìnrin. Ó la ẹnu, ó pa á dé. Ó gbójú sókè, ojú Ìyá Àgbà ni ojú rẹ̀ bá, ojú ọ̀hún sì le koko. 

"Pè é ná! Ṣé orúkọ ń jóni lẹ́nu ni?" ni Alhaja wí.

"Ẹ jẹ́ kí... kí Ìdílẹ̀kẹ̀ wọlé."

Pẹ̀lúmi fúnra rẹ̀ yọ orí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ta ló ń jẹ́ Ìdílẹ̀kẹ̀? Ayọ̀, ṣé èmi? Èmi àti ìwọ tá a jọ ń já gúgúrú gbà mọ́ra wa lọ́wọ́ nílé ìwé! Pẹ̀lúmi lo ń pè mí láti kékeré. Ìgbà wo ni mo di Ìdílẹ̀kẹ̀?"

Alhaja dìde díẹ̀díẹ̀. "Astagfirullah! Ẹ̀yin obìnrin, ta ni kì í pe ọmọ ilé lórúkọ? Ta ló máa ń sọ ọ́ ní orúkọ mìíràn?"

"Ìyàwó ilé ni!" ogójì ohùn dáhùn pọ̀.

"Mọ́rìnọ́lá, kí lo ń pe Pẹ̀lúmi?"

"Ìbàdíàrán ni mo ń pè é, láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn."

"Ó dáa. Akọ̀wé, ìwọ ńkọ́? Ta ló gbé ọ níyàwó sílé Adégbénga?"

"Ó... ó kàn bọ́ lẹ́nu mi ni."

"Ohun tó kún inú ló ń bọ́ lẹ́nu!"

Ìyá Àgbà kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó fò dìde. "Òmùgọ̀ ọmọ! Oṣù mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọmọ ilé! Ṣé ibí ni mo ní kó o ti lò ó?"

Áà! Ẹnu tó fẹ́ bo àṣírí ló fà á ya! Ibẹ̀ ni Ayọ̀tọ́lá ti bú sẹ́kún, tó jẹ́wọ́ pé ìyá yìí ló mú òun lọ sí ìlú Òtu, tó fa òun lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ ní ìyàwó ní bòńkẹ́lẹ́, tó sì ṣèlérí ilé Mọ́rìnọ́lá fún òun.

"O ti bà mí láyé jẹ́!" Adégbénga ké. Ọwọ́ tó ní òun kò lu ẹnikẹ́ni rí, òun ló fò sókè lójú ogójì obìnrin, tó sì bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ayọ̀tọ́lá, gbàmù!

"Ẹ ti fojú yín rí i?" Pẹ̀lúmi pariwo. "Bó ṣe fi apasa lu Ìyá Ṣaléwá lójú mi lọ́jọ́ Ajé nìyẹn! Bùrọ̀dá, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wá, ṣùgbọ́n n kò ní bá yín gbé irọ́ yín lọ sọ́run!"

Àwọn obìnrin tú gèlè, wọ́n fi gba ọ̀já mọ́ ìdí, wọ́n sì dí ẹnu ọ̀nà. "Ọwọ́ ò gbọdọ̀ kàn án!" Wọ́n ń pariwo rẹ̀ lọ, wọ́n ń pariwo rẹ̀ bọ̀. Agbádá Adégbénga fà ya níbi tó ti ń wá ojú fèrèsé. Kò rí ojú fèrèsé, ọlọ́pàá ló rí.

Ẹ̀san ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Kí ilé ẹjọ́ tó sọ tirẹ̀, ọjà ti dá ẹjọ́ tirẹ̀. Láti Ṣakí dé Adó-Àwáyè, kò sí ìyá ìyàwó tó fẹ́ fọwọ́ kan aṣọ Adégbénga mọ́. "Aṣọ tí ọwọ́ ìkà hun, a kì í fi í mú ọmọ lọ ilé ọkọ," ni wọ́n ń wí. Ọdún méjì ni adájọ́ ní kó lọ lò lẹ́wọ̀n, ó sì fa Ọmọ́ṣaléwá lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Aláǹtakùn ló ń hun aṣọ báyìí lórí òfì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ìyá Àgbà padà sí oko, ó ń kí èèyàn, èèyàn kò kí i.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, Ayọ̀tọ́lá wá kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ilé tuntun tí Mọ́rìnọ́lá gbà. Ẹgbẹ́ ti lé e. Àwọn tó ń gbé aṣọ wá fún un rán ti gba aṣọ wọn lọ.

"Àǹtí mi, ẹ dárí jì mí. Èṣù ló lò mí."

"Má parọ́ mọ́ èṣù. Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ, èmi ni mo sanwó ilé ìwé tó o ti kọ́ ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ wo ti Jésù!"

Mọ́rìnọ́lá ní, "Mo ti wo ti Jésù. Orí eékún mi ni mo ti dárí jì ọ́, ó sì ná mi ní omijé òru mẹ́ta. Olúwa mi ní kí n dárí jì ọ́, mo sì ti ṣe é." Ó di ilẹ̀kùn mú. "Ṣùgbọ́n kò ní kí n fún ọ ní àga."

Ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀.