Àmín Kejì

Èmi kì í gba ohun tí n kò bá lè wọ̀n gbọ́. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ohun tí mo fi etí ara mi gbọ́, tí mo sì fi ojú ara mi rí nìkan ni mo kọ síhìn-ín. N kò fi ẹyọ kan kún un.

Ní ọdún 1963, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, mo sì ń kọ́ni ní sáyẹ́ǹsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Ìkìrun. Adéjàre, àbúrò mi, ni aṣọ́lé ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, tí èmi ń bójú tó. Màámi kò fẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù. Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Bó o ṣe mú un lọ ni kó o ṣe mú un bọ̀ wá fún mi."

Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ náà a fọwọ́ kọ́ra wọn lọ́rùn, wọn a forí korí. Olúbọ̀dé, balógun wọn, a gbàdúrà, àwọn yòókù a ṣe Àmín. Ní Ìníṣà, ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ borí, mo gbọ́ Àmín kejì. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó rẹlẹ̀. Àárín agbo ló ti wá, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.

Gbohùngbohùn ni mo pè é. Lọ́jọ́ kejì, mo gun kẹ̀kẹ́ padà sí pápá náà, mo pàtẹ́wọ́. Oko ẹ̀gẹ́ ló yí i ká. Kò sí ògiri tí yóò dá ohùn padà. Mo pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Pápá náà dákẹ́.

A gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́jọ, Àmín kejì dún nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, a sì borí nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Kò sí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù kọjá Adéjàre. Àwọn ọmọ náà mọ̀ nípa Àmín kejì náà. Wọ́n tilẹ̀ ń fi ṣe ẹ̀fẹ̀.

"Bàbá ti fọwọ́ sí i," ni Olúbọ̀dé máa ń wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ gbà á."

"Bàbá wo?" ni mo bi í.

"Mísì, ẹ má bi wá ní ìbéèrè ìdánwò. Ẹni tó ń ṣe Àmín fúnni, ṣé ọ̀tá ni?"

Àṣekágbá bọ́ sí Òkukù. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ kọjá díẹ̀ nígbà tí wọ́n forí korí. Mo dúró lẹ́yìn Adéjàre.

"Kí a borí," ni Olúbọ̀dé wí.

Àmín. Lẹ́yìn náà, Àmín kejì.

"Kí gbogbo wa tí a jùmọ̀ jáde jùmọ̀ wọlé padà."

Àmín.

A dúró. Mo ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú ọkàn mi.

"Tún un wí," ni mo sọ.

Ó tún un wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Àwọn ọmọ ṣe Àmín. Kò sí ìkejì.

Mo di apá Adéjàre mú. "O ò ní gbá eléyìí. Jẹ́ ká máa lọ sílé."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní gbohùngbohùn ni? Àwọn ará Òkukù á ní ẹ̀rù ló bà wá."

Ojú tì mí. Mo jọ̀wọ́ apá rẹ̀.

A borí pẹ̀lú ayò kan sí òdo. Nínú bọ́lẹ̀kájà, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́rìndínlógún ló lọ, mẹ́rìndínlógún ló ń bọ̀. Ẹnikẹ́ni kò fara pa. Mo fi ara mi ṣẹ̀sín.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú nígbà tí a dé Ìkìrun. Màámi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n kí mi. Wọ́n kí Olúbọ̀dé tó gbé ife dání, wọ́n bèèrè ìyá rẹ̀. Adéjàre dọ̀bálẹ̀. Màámi wò ó pẹ́. Wọ́n dìde, wọ́n tún ìró wọn ró bí ẹni tó rí àlejò.

"Ẹ káàbọ̀ o," ni wọ́n wí fún un. Wọ́n yíjú sí mi. "Adéjàre dà?"

"Màámi, òun rèé."

Wọ́n wo ẹ̀yìn mi. Wọ́n wo ọ̀nà. "Mo ní Adéjàre dà?"

Mo yẹ ara rẹ̀ wò lálẹ́ ọjọ́ náà: àpá iná ní apá òsì, ehín tó kán. Gbogbo àmì tí mo mọ̀ mọ́ ọn ló pé.

Ọdún mọ́kànlélógún ni Màámi tún lò láyé. Ọpọlọ wọn pé. Wọ́n mọ gbogbo ọmọ àdúgbò lórúkọ. Wọ́n ń gbé oúnjẹ fún un nínú abọ́ àlejò, wọ́n sì ń dúpẹ́ pé ó yà kí àwọn.

Ní ọjọ́ tí wọ́n kú, òun ló di ọwọ́ wọn mú. Èmi ni wọ́n kọjú sí.

"Bí Adéjàre bá dé, sọ fún un pé mo dúró dè é."

Mo wo ojú rẹ̀. Ó gbọ́ ọ. Ó rọra fi ọwọ́ Màámi sílẹ̀ lórí ibùsùn.

Kò sọ pé òun rèé.